Ọ̀kẹ́, Ṣílè, Náírà: Àlàyé lórí Owó Tí Àwọn Àgbà Ń Dárúkọ

Bí àgbàlagbà kan bá sọ fún ọ pé ogójì pọ́ùn ni bàbá òun fi ra ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí, kí ni ọkàn rẹ máa ń sọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí tí mo ń bá sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kọ háà, wọ́n á ní ayé àtijọ́ mà dẹrùn o. Àwọn mìíràn á mú fóònù, wọ́n á wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́ùn Ìlú Ọba lónìí, wọ́n á sọ ọ́ di náírà lọ́nà ogójì, wọ́n á wá pe iye gọbọi kan tí kò bá ilẹ̀ náà tan rárá. Pọ́ùn tí bàbá yẹn kà lé onílẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe pọ́ùn orí fóònù. Pọ́ùn Nàìjíríà ni, owó wa ni, ó sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láti 1973. Lójú òfin, ogójì rẹ̀ di ọgọ́rin náírà. Ṣùgbọ́n bí o bá tún sọ pé ₦80 ni wọ́n ra ilẹ̀, o ti pa irọ́ mìíràn láìmọ̀.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìṣirò sì ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ. Ìṣirò pọ́ùn àti ṣílè ni wọ́n fi kọ́ èmi fúnra mi. Òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ìjọba tó yí gbogbo rẹ̀ padà lójijì. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé àwa tó ná owó yẹn ń dín kù, ìtàn tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa sì kún fún iye owó: owó orí, owó ìyàwó, owó ilé ìwé, owó ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí iye náà dúró fún kò gbọ́ ju ìdajì ìtàn lọ.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé owó mẹ́ta ni àwọn ènìyàn wa ti ná láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀: ẹyọ, pọ́ùn, náírà. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ tí èkejì ń dé, orúkọ èyí tó lọ kò bá a lọ. Ó jókòó sí ẹnu àwọn ènìyàn, ó sì di orúkọ fún owó tuntun. Nítorí náà, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, àgbàlagbà lè lo ìṣirò ẹyọ, kí ó fi ti ṣílè kún un, kí ó sì parí rẹ̀ sí náírà. Òun mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ń gbọ́ ni kò mọ̀.

Ọ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkun tiwa kọ́ ni owó ẹyọ ti wá. Erékùṣù Maldives tó wà nínú Òkun Íńdíà ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń fi ọkọ̀ kó o wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi í ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Ó yẹ fún owó níná lóòótọ́: kì í jẹrà, kì í dípẹtà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ ayédèrú rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ, ẹrù tó tó odidi ènìyàn kan rù. Bí wọ́n bá fẹ́ ka èyí tí wọn kò tíì sín, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún títí á fi pé ogún, títí á fi pé igba. Ẹ wo orúkọ iye wa dáadáa, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún, ẹ ó rí igba tó fara pamọ́ sínú gbogbo wọn: igba mẹ́ta, igba mẹ́rin, igba márùn-ún. Lójú tèmi, orí òkìtì ẹyọ wọ̀nyẹn ni ìkà wa ti gbó.

Láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò láti Jámánì rí irú ẹyọ mìíràn ní agbègbè Zanzibar, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti Maldives lọ díẹ̀, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ ní ẹ̀dínwó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá, wọ́n ń fi í ra epo pupa wa. Epo kò pọ̀ sí i tó bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oko kò fẹ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye ẹyọ tí wọ́n ń béèrè fún ọjà kan náà ń ròkè lọ́dọọdún. Ẹni tó ti to ọ̀kẹ́ jọ sínú yàrá láti ìgbà èwe rẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà tẹ́lẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ta kò rà á mọ́. Ọ̀wọ́ngógó tí à ń ké lé lórí lónìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì àti owó bébà. Ìgbàkigbà tí owó bá ń wọ ìlú ju ọjà tí ìlú ń pèsè lọ, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ìkarahun ni owó náà.

Nígbà tí owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wá gbilẹ̀ ní òpin sẹ́ńtúrì 19, ẹyọ ti wálẹ̀ púpọ̀. Iye tí àwọn ènìyàn wa fi ṣẹ́ ẹ sí ti Gẹ̀ẹ́sì ló wá dúró sí wọn lẹ́nu: ẹgbàá jẹ́ sísì, ìyẹn ìdajì ṣílè. Bí ẹ bá di ọ̀kan yìí mú, ẹ ó ṣí gbogbo ìyókù. Ẹgbẹ̀rún jẹ́ ìdajì ẹgbàá, nítorí náà tọ́rọ́ ni, ìdajì sísì. Ẹgbàajì, ìyẹn 4,000, jẹ́ ṣílè kan. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe ẹgbàá mẹ́wàá, jẹ́ sísì mẹ́wàá, ìyẹn ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ìyẹn ogún ṣílè, jẹ́ pọ́ùn kan.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà fi ń ké ní 1968 àti 1969 pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn máa san. Owó orí ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìde ogun sí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, lọ́nà ṣílè márùn-ún, jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Ẹyọ ti kúrò lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di ìbọn mú kò sì ná an rí láyé wọn, síbẹ̀ orí òṣùwọ̀n ẹyọ ni wọ́n gbé ẹjọ́ wọn kà. Mo ti pàdé ọmọ tó jáde ní yunifásítì tó rò pé ẹgbàá lọ́nà ọgọ́ta náírà ni wọ́n ń bèèrè láti san, pé 120,000 náírà ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe lè yí ìtàn náà padà pátápátá: ẹni tí owó orí ń pa á á wá dà bí olówó ńlá.

Kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ọ̀kẹ́ ti tún yí iṣẹ́ padà. Nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò lónìí, àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà ni mílíọ̀nù kan, nítorí pé 20,000 lọ́nà àádọ́ta jẹ́ 1,000,000. Níbi yìí, iye lásán ni ọ̀kẹ́, 20,000 ohunkóhun. Lẹ́nu àgbẹ̀ ọdún 1968, owó ni, ṣílè márùn-ún. Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà jáde ni yóò sọ èyí tó jẹ́ fún ọ.

Ṣílè àti kọ́bọ̀

Ìṣirò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá kò rọrùn rárá. Kọ́bọ̀ méjìlá, ìyẹn pẹ́nì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ṣílè kan. Ogún ṣílè ni pọ́ùn kan. Nítorí náà, 240 kọ́bọ̀ ló wà nínú pọ́ùn. Ìṣirò náà ti pẹ́ gan-an ní Yúróòpù. Láti ayé Ọba Charlemagne, ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ti ń ti inú ìwọ̀n pọ́ùn fàdákà kan rọ 240 owó wẹ́wẹ́. Èdè Látìnì ìgbà náà ni lẹ́tà "d" tó dúró fún kọ́bọ̀ ti wá, tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní rí "k" tàbí "p" nínú ìwé àtijọ́: £ ni pọ́ùn, s ni ṣílè, d ni kọ́bọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi lè yan méjìlá nígbà tí mẹ́wàá wà. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ fún ènìyàn mẹ́ta ní ṣílè kan kí wọ́n pín in: kọ́bọ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ fún ènìyàn mẹ́rin: tọ́rọ́ tọ́rọ́. Ẹ fún ènìyàn mẹ́fà: kọ́bọ̀ méjì méjì. Ẹ wá mú kọ́bọ̀ mẹ́wàá, kí ẹ pín in fún ènìyàn mẹ́ta. Nínú ọjà tí kò sí ẹ̀rọ ìṣirò, níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan sí ìdajì, sí ìdá mẹ́ta, sí ìdá mẹ́rin láti àárọ̀ di alẹ́, méjìlá ṣe dáadáa. Ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ kò jókòó ní kíláàsì rí, ó sì ń ṣe é lórí kí èmi tó rí ibi kọ ọ́ sí.

Orí ìwé ni wàhálà rẹ̀ wà. Bí nǹkan kan bá jẹ́ ṣílè kan àti kọ́bọ̀ méje, tí o ra mẹ́ta, kọ́bọ̀ méje lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mọ́kànlélógún. O gbọ́dọ̀ yọ méjìlá kúrò nínú rẹ̀ kí ó di ṣílè kan, kí kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ṣẹ́kù. Ṣílè mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan tó gòkè jẹ́ mẹ́rin. Ṣílè mẹ́rin àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni ìdáhùn. Bí ṣílè bá sì pọ̀ ju ogún lọ, o tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di pọ́ùn. Òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìṣirò kan ṣoṣo! Ọmọ tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n títí láé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ẹkún ni.

Owó onírin tí à ń ná ń jẹ́ orúkọ tí ẹ ṣì ń gbọ́ lónìí. Kọ́bọ̀ kan ni ẹ mọ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ́pìnnì. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì. Lẹ́yìn náà ni ṣílè, àti owó ṣílè méjì. Àmọ́ èyí tó wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé ni ọ̀nínì, tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀ rà? Ẹ padà sídìí ẹyọ. Bí sísì bá jẹ́ 2,000 ẹyọ, kọ́bọ̀ kan jẹ́ nǹkan bí 333. Nígbà yẹn, ènìyàn lè fi ẹyọ díẹ̀ péré ra iyọ̀ tàbí ata tí yóò fi se ọbẹ̀ ọjọ́ kan. Bí owó tó kéré jù lọ́wọ́ ìjọba bá jẹ́ kọ́bọ̀ tàbí ẹ́pìnnì, kò sí bí aláta ṣe máa ṣẹ́ owó fún ẹni tó fẹ́ ra ata ọgbọ̀n ẹyọ. Ọ̀nínì jẹ́ nǹkan bí ẹyọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nítorí rẹ̀ ni owó Gẹ̀ẹ́sì fi lè wọ inú ọjà kéékèèké, kí ẹyọ tó lè kúrò níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1907 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́, pẹ̀lú àlúmíníọ̀mù. Èyí kò pẹ́ tí wọ́n fi fi bàbà tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n lu ihò sí àárín ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀, àwọn ènìyàn sì ń sín wọn sí okùn bí wọ́n ti ń sín ẹyọ.

Láti 1912, ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia lápapọ̀. Owó kan náà ni ará Ìbàdàn àti ará Accra ń ná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì gbé pọ́ùn tiwa jáde. Iye kan náà ni òun àti pọ́ùn Ìlú Ọba fún ọdún díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1967, Ìlú Ọba dín iye pọ́ùn tiwọn kù. Nàìjíríà kò dín tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, pọ́ùn tiwa wúwo ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, inú ogun abẹ́lé sì ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní 1968, ìjọba tún yí àwọ̀ owó bébà padà kí owó tó wà ní Biafra lè di asán. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá pọ́ùn àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Náírà

Àsìkò ìyípadà ni ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Máìlì àti gálọ́ọ̀nù náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná fún ìjọba àpapọ̀ títí di 1971, ni wọ́n sọ pé ó fún un lórúkọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ lóye níbí ni pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kúrò nínú pọ́ùn àti ṣílè bọ́ sí ìṣirò ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ yan ohun tó máa fi sílẹ̀ láìyí padà. Kò lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìlú Ọba pa pọ́ùn mọ́ ní 1971, wọ́n sì pín in sí ọgọ́rùn-ún, tó fi jẹ́ pé kọ́bọ̀ tuntun wọn gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì àti díẹ̀ mì. Ghana ṣe òdìkejì rẹ̀ ní 1965: wọ́n pa kọ́bọ̀ mọ́, wọ́n kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jọ, wọ́n pè é ní sídì. Sídì náà wá jẹ́ ṣílè mẹ́jọ àti kọ́bọ̀ mẹ́rin, iye kan tí kò bá owó bébà kankan dọ́gba. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi gbé sídì tuntun jáde, ṣílè mẹ́wàá géérégé. Nàìjíríà pa ṣílè mọ́. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, pọ́ùn di náírà méjì. Lójú tèmi, èyí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ṣílè ni òwò ojoojúmọ́ wa dúró lé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè gba owó tuntun lọ́wọ́ oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an kí ó sì mọ ohun tó gbà.

Bí àwọn ènìyàn ṣe pe owó tuntun ní orúkọ àtijọ́ nìyẹn. Kọ́bọ̀ márùn-ún ń jẹ́ sísì. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ń jẹ́ ṣílè. Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń jẹ́ ṣílè méjì-àbọ̀, àádọ́ta kọ́bọ̀ ń jẹ́ ṣílè márùn-ún, náírà sì ń jẹ́ ṣílè mẹ́wàá. Bí àgbàlagbà bá ní òun san ṣílè márùn-ún ní 1978, kò purọ́, kò sì gbàgbé pé náírà ti dé. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ló ní lọ́kàn. Ogún náírà tó jáde ní 1977 pẹ̀lú àwòrán Murtala Muhammed, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní múrí, pọ́ùn mẹ́wàá ni lẹ́nu àwọn ìyá wa.

Kọ́bọ̀ nìkan ni kò bá wọn dọ́gba, òun sì ni ó ṣì ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò yí padà rárá. Kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ló wà nínú ṣílè. Kọ́bọ̀ náírà mẹ́wàá ni. Kọ́bọ̀ tuntun wá fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń ta gúgúrú ní kọ́bọ̀ kan ní ìparí ọdún 1972, tó sì ń tà á ní kọ́bọ̀ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ti fi ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lé e láìsọ nǹkankan. Tọ́rọ́ tún le ju ìyẹn lọ: kọ́bọ̀ tuntun méjì-àbọ̀ ni. Ìjọba rọ owó ìdajì kọ́bọ̀ nítorí irú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kì í fẹ́ dúró máa wá ìdajì kọ́bọ̀ ṣẹ́ fún oníbàárà. Ọjà tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ mẹ́ta. Ọlọ́mọ tó ń ra nǹkan wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kì í ṣe ẹni tó ń ra ọkọ̀.

Iye kò ju iye lọ

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀ ogójì pọ́ùn. Ká sọ pé àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n rà á. A ti mọ̀ pé lójú òfin, ₦80 ni. Ṣùgbọ́n ₦80 ta ni? Ẹni tó fẹ́ mọ bí owó ṣe wúwo tó gbọ́dọ̀ béèrè pé: iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni?

Ní 1954, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà pinnu pé lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba kò gbọdọ̀ gbà dín ní ṣílè márùn-ún lójúmọ́. Owó tó dára ni nígbà náà, àwọn agbègbè tó kù kò san tó bẹ́ẹ̀. Ogójì pọ́ùn jẹ́ 800 ṣílè. Ẹ pín in sí márùn-ún: iṣẹ́ 160 ọjọ́. Bí lébìrà bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀ nìyẹn, láìjẹ, láìmu, láìwọṣọ. Lọ́wọ́ tiwa báyìí, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦430,000. Iye tí ogójì pọ́ùn yẹn wúwo tó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ₦80, kì í sì í ṣe ohun tí fóònù sọ. Bàbá tó san án kò rí i he nílẹ̀.

Ẹ ó wá sọ pé ₦430,000 kò lè ra pulọ́ọ̀tì nínú ìlú ńlá. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà níbẹ̀. Gbogbo nǹkan kì í gun òkè pọ̀. Ilẹ̀ ìgboro ti sáré kọjá owó oṣù, nítorí pé ènìyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn bàbá yín bí wọ́n ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó ra rédíò, aago ọwọ́, tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà èwe mi, ilé tó ní rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pé jọ sí. Lónìí, rédíò kékeré kò gba lébìrà ní owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun gbogbo pọ̀ láyé àtijọ́, ẹ bi í pé kí ni, kí ẹ sì bi í pé lọ́wọ́ ta ni.

Owó oṣù náà ti rin ìrìn àjò tirẹ̀. Lẹ́yìn ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, ₦720 lọ́dún, ìyẹn ₦60 lóṣù, ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù ń gbà. Inú wa dùn jọjọ, owó àwìn inú ọjà sì tan, àmọ́ kò pẹ́ tí owó ọjà fi gbéra tẹ̀lé e. Ní 1981 ó di ₦125. Ní 2000 ó di ₦5,500, ní 2011 ₦18,000, ní 2019 ₦30,000, kó tó di ti ìsinsìnyí. Láti ₦60 sí ₦70,000, ó ti lé ní ìlọ́po 1,100. Kò sí ẹni tó máa sọ pé òṣìṣẹ́ òní fi ìlọ́po 1,100 rọ́wọ́ họrí ju tàná lọ. Òǹkà náírà ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe yàrá, kì í ṣe ẹran.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé náírà ju dọ́là lọ nígbà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, náírà kan ń gbà ju dọ́là kan lọ láti 1973 títí di àárín àwọn ọdún 1980, kó tó di pé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986. Ìjọba ló ń dá iye náà, owó epo rọ̀bì sì ló ń gbé e ró. Ẹni tí kò ní náírà nígbà náà kò ní dọ́là bákan náà.

Ó ku ohun kan tó wúlò fún ẹni tó ní àpótí ìwé àtijọ́ nílé, rìsíìtì ilé ìwé, ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún. Bí ó bá ṣáájú 1973, pọ́ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ni. Ìlà tó dábùú láàárín nọ́ńbà méjì kì í ṣe ìdá: 7/6 ni ṣílè méje àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, tí à ń pè ní ṣílè méje-àbọ̀, 5/- ni ṣílè márùn-ún gbáko láìsí kọ́bọ̀. Nígbà tí nọ́ńbà bá di mẹ́ta, bí £3/7/6, pọ́ùn ló ṣáájú. Láti sọ ọ́ di náírà, ẹ fi méjì ṣe ìlọ́po pọ́ùn, ẹ fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá ka ṣílè kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kọ́bọ̀ márùn-ún ka sísì: ₦6, pẹ̀lú 70 kọ́bọ̀, pẹ̀lú 5 kọ́bọ̀, ₦6.75. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ó ṣe wúwo tó lọ́wọ́ ẹni tó san án, £3/7/6 jẹ́ ṣílè 67 àti àbọ̀. Ẹ pín in sí márùn-ún: iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́tàlá àti àbọ̀ fún lébìrà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lẹ́yìn 1954.